Ilé Àwọn Tí À Ń Retí

"Àpótí fọ́tò ti kún. Fọ́tò ti bàjẹ́. Ẹ̀dà kò pé."

Bí ẹ̀rọ náà ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Kò ní gbóhùn sókè, kò ní kẹ́dùn, bí ẹni tó ń kí ará ilé kú àárọ̀ ni. Ìyùnadé gbọ́ ọ níjẹta, ó gbọ́ ọ lánàá, ó sì tún ní kí ẹ̀rọ tún un sọ láàárọ̀ yìí, bóyá etí òun ló ṣì í gbọ́. Etí rẹ̀ kò ṣì í gbọ́. Ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́la láti kó gbogbo ará Òde-Ọ̀sà lọ sórí òkè, ẹ̀dà ìlú, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo wọn, kò tíì dé ibi tí wọ́n ń lọ, oòrùn ọ̀sán kan péré ló sì kù kí àwọn òṣìṣẹ́ tó wá tú sólà kúrò lórí òrùlé.

Yàrá ẹ̀rọ náà wà lókè pátápátá nínú ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan. Ìsàlẹ̀ ilé náà ti di ti ẹja. Iyọ̀ òkun ti gun ògiri, ó ti wọ inú irin, ó sì ti jẹ ìdajì ibi tí ẹ̀rọ ń pa nǹkan mọ́ sí, débi pé bí Ìyùnadé bá fọwọ́ kan ara rẹ̀, ìpẹ́ funfun ló máa ń jábọ́. Òun ló ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì ní ewú kan lórí. Gbogbo àìsàn rẹ̀ ló mọ̀, àfi ti ọ̀sẹ̀ yìí.

Sípíkà orí tábìlì hó. "Ìyùnadé, ṣé o wà níbẹ̀?"

Ọ̀gá Àjàdí ni, olórí gbogbo àwọn olùtọ́jú ẹ̀rọ, tó ń sọ̀rọ̀ láti Òkè-Ìsinmi níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ.

"Mo wà níbí, sà."

"A ò tíì rí nǹkan kan gbà níhìn-ín o. Ìwọ náà mọ bí ẹnubodè ṣe rí. Ẹni tí kò bá sí nínú ẹ̀dà, kò sí níbì kankan."

Kò halẹ̀ mọ́ ọn. Òótọ́ ló sọ. Lọ́dún tó kọjá, ìlú kan nísàlẹ̀ odò fi ẹ̀dà tó já ránṣẹ́. Nígbà tí àwọn èèyàn ibẹ̀ dé ẹnubodè, wọ́n na ìka, wọ́n na ojú, wọ́n na káàdì ìrìbọmi, bàbá àgbà kan tiẹ̀ bọ́ ẹ̀wù kí wọ́n lè rí ilà ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ẹnubodè ní òun kò mọ ẹnì kankan nínú wọn. Ọkọ̀ tó gbé wọn wá ló gbé wọn padà, a kò sì gbúròó wọn mọ́ dòní.

"Àpótí yẹn ńkọ́?" Ọ̀gá Àjàdí bi í. "Ṣé kò ṣeé mú gbòòrò sí i?"

"Iyọ̀ ti jẹ ibi tó kù, sà. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn fọ́tò àtijọ́ ló ń jókòó sí àyè. Mo kó gbogbo wọn dànù lánàá. Ó tún kún."

"Jẹ́ ká tún un rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ya fọ́tò ìlú, kì í gbé ìlú. Ó kàn ń fojú sàmì sí bí gbogbo nǹkan ṣe wà ní ìṣẹ́jú yẹn ni, kó tó wá máa fara balẹ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Bí ẹnì kan bá yí nǹkan padà níbi tí kò tíì kọ dé, yóò sáré gbé ti tẹ́lẹ̀ sínú àpótí, kí fọ́tò má bàa parọ́. Àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àpótí kì í dédé kún, Ìyùnadé. Ẹnì kan ló ń kọ nǹkan sínú ẹ̀rọ nígbà tí fọ́tò ń lọ lọ́wọ́."

"Ta ni yóò kọ ọ́, sà? Wákàtí Ìdákẹ́ ni. Gbogbo ilé ló wà ní títì."

Olúkúlùkù ní Òde-Ọ̀sà ló ní ilé tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ, níbi tí ohùn rẹ̀, ojú rẹ̀, ìran rẹ̀ àti ilẹ̀ tó tọ́ sí i wà. Bí fèrè bá ti dún lọ́sàn-án, àwọn ilé yẹn á tì pa. O kò lè pe ẹnikẹ́ni, o kò lè ránṣẹ́, kódà páìpù omi kò ní dá ẹ lóhùn. Àwọn ọmọdé pàápàá ti mọ̀ pé oorun ló kàn. Òfin ni, kò sì sí aláyà líle tó ń dán an wò.

Ìyùnadé yíjú sí ẹ̀rọ. "Inú ilé ta ni wọ́n kọ nǹkan sí lọ́sàn-án àná?"

"Kò sí ti alààyè kankan," ni ẹ̀rọ dáhùn.

"Àwọn òkú ńkọ́?"

"A ti fi èdìdì di ilé àwọn òkú."

Ó ti ń gbọnwọ́ láti dìde nígbà tí ìbéèrè mìíràn bọ́ sí i lẹ́nu. "Ta ló wá kù?"

"Àwọn tí à ń retí."

Ìyùnadé kò dìde mọ́. Ó tún jókòó.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí kíákíá, nítorí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ lè máa rò pé wèrè ni. Lọ́jọ́ tí ògiri òkun wó, omi gbé èèyàn lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò sì rí òkú wọn. Ní Òde-Ọ̀sà, a kì í sunkún ẹni tí omi gbé títí a ó fi rí i. A kì í ká ẹní rẹ̀, a kì í pín aṣọ rẹ̀. A ó sọ pé ó wà lódò, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kọ wọ́n mọ́ àwọn òkú, àwọn ìyá wọn jókòó sí èbúté, wọn kò jẹ́ kí ọkọ̀ kankan gúnlẹ̀, títí ìjọba fi gbà. Wọ́n ṣí ọ̀wọ́ kẹta sínú ẹ̀rọ fún àwọn tí à ń retí. Ilẹ̀kùn wọn kì í tì, bó ti wù kó rí. Ìbátan wọn nìkan ló lè tì í, pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, nípa jíjẹ́rìí pé wọ́n ti kú. Ìyá Ìyùnadé wà lára àwọn tó jókòó sí èbúté. Iwájú pátápátá ló jókòó sí.

Akíntìmẹ́hìn, àbúrò Ìyùnadé, wà nínú ọ̀wọ́ kẹta yẹn. Ó ń gbé àpò iyanrìn sí ẹsẹ̀ ògiri nígbà tó wó.

Ìyùnadé ṣí ilé àkọ́kọ́ tó rí, ó sì tẹ́tí sí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lánàá. Ohùn Bàbá Olúkòtún ló jáde, káfíńtà tó ń kan ọkọ̀, ọkùnrin tí kì í sọ ju "Ẹ kú iṣẹ́" lọ láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyàwó rẹ̀ tí omi gbé ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Bí o bá dé tí o kò bá wa nílé, má jẹ́ kí ọkàn rẹ pòrúurùu. Wọ́n ń kó wa lọ sí Òkè-Ìsinmi ni. Wá sí èbúté, kí o dojú kọ ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ìkòkò rẹ ń bẹ lọ́wọ́ mi. Mo tún ìdí rẹ̀ lẹ̀."

Ó ṣí òmíràn, ó tún ṣí òmíràn. Ọ̀nà ni gbogbo wọn ń júwe. Wọ́n ní kí ọmọ má gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, omi ibẹ̀ ti jìn. Wọ́n ní kí ọkọ béèrè orúkọ báyìí báyìí bó bá dé orí òkè. Wọ́n kì í ṣí kúrò níbì kan kí wọ́n má sọ ọ̀nà fún ẹni tó wà lájò, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn láyé àwọn baba wọn. Wọ́n sì fi Wákàtí Ìdákẹ́ ṣe é, nítorí ìgbà yẹn lọwọ́ dilẹ̀, tí kò sí ẹni tí yóò dí wọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kéde pé ọkọ̀ ń bọ̀, gbogbo ìlú ló ń wọ ilé àwọn tí à ń retí lọ, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sísọ bí ẹni pé ẹnu kò ní rẹ̀ wọ́n láéláé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń kún àpótí.

Ìyùnadé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ ò rí nǹkan. Iyọ̀ ni òun sì ń bú.

Ó sọ ọ́ fún Ọ̀gá Àjàdí bó ṣe rí.

"Jẹ́ kí àwọn ẹbí jẹ́rìí ikú wọn, kí ilé wọ̀nyẹn tì."

"Wọn ò ní jẹ́rìí, sà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọn ò ní jẹ́rìí."

"Bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n dákẹ́ lọ́sàn-án òní nìkan. Bó bá tún bàjẹ́ lónìí, Ìyùnadé, mi ò ní ohun tí mo lè fi gbà yín."

Ó wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré rẹ̀, ó sì ń wà á láti ojúlé dé ojúlé. Ó rò pé wọn óò bínú, wọn kò bínú. Obìnrin kan tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó máà bínú sí àwọn, àwọn kò mọ̀ pé ó ń ba nǹkan jẹ́. Bàbá Olúkòtún gbé òòlù sílẹ̀.

"Ọ̀sán òní nìkan?"

"Ọ̀sán òní nìkan, Bàbá."

"Kò burú. Mo ti bá a sọ ọ́ tán. Mo kàn ń tún un sọ ni, torí ó máa ń gbàgbé nǹkan."

Ilé ìyá rẹ̀ ló fi ṣe ìkẹyìn. Màmá ń di ẹrù. Àpò méjì ló dì, ọ̀kan tirẹ̀, ọ̀kan ti Akíntìmẹ́hìn, ṣòkòtò, bàtà, gbogbo rẹ̀ ní fífọ̀ ní lílọ̀.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ ilé Tìmẹ́hìn lọ́sàn-án yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé, ẹ̀dà ò ní pé, wọn ò sì ní gba ẹnì kankan nínú wa lọ́hùn-ún."

Màmá ń ká ṣẹ́ẹ̀tì kan. "Mo ti gbọ́," ló sọ.

Ẹni tí obìnrin yẹn bí yẹ kó mọ̀ pé kò tíì gbà. Ìyùnadé náà mọ̀, ká sòótọ́. Ṣùgbọ́n oòrùn ti ń gòkè, ọ̀nà sì jìn, ó wá fi ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ó padà síbi ẹ̀rọ.

Fèrè dún. Ìlú pa rọ́rọ́. "Mo ti ya fọ́tò," ni ẹ̀rọ sọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ránṣẹ́. Ìyùnadé ń wo àwòrán àpótí lójú kọ̀ǹpútà. Òfìfo ni. Ó ṣì ṣófo nígbà tí ẹ̀dà dé ìdá kan nínú mẹ́rin, ó ṣófo nígbà tó dé ìlàjì. Ìyùnadé ń gbọ́ bí Ọ̀gá Àjàdí ṣe ń mí nínú sípíkà. Lára èémí yẹn ló ti mọ̀ pé inú rẹ̀ ti ń dùn díẹ̀díẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í kún.

Kò kún bíi ti àná, tó ń kún díẹ̀díẹ̀. Ó ń ru sókè bí omi tó já wọ yàrá. "Ilé mélòó ló ń kọ nǹkan?" Ìyùnadé bi ẹ̀rọ.

"Ilé kan. Akíntìmẹ́hìn."

Ó ṣí i. Kì í ṣe ohùn lásán. Fídíò ni. Màmá di fóònù mú síwájú, ó ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń rìn lórí afárá pákó tó ti ilé wọn lọ sí èbúté, kí Akíntìmẹ́hìn lè fojú ara rẹ̀ rí ọ̀nà. Ìyùnadé rí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ nínú bàtà rọ́bà. Ó rí omi láàárín àwọn pákó.

"Ibí yìí la ti ń ra yìnyín, o rántí," Màmá ń sọ. "Wọ́n ti tú u. Má wá a mọ́. Yà síbí, ọmọ mi. Má gba apá òsì o, pákó ti jẹrà níbẹ̀. Ó ṣe díẹ̀ tí o ti rìn ín, n óò rọra."

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀?" Ọ̀gá Àjàdí béèrè.

Gbogbo ilé alààyè ló wà ní títì, ti ìyá rẹ̀ náà, kò sí bó ṣe lè pè é. Ọ̀nà kan péré ló wà láti bá a sọ̀rọ̀, ọ̀nà náà sì gba inú ilé Akíntìmẹ́hìn kọjá. Ó wọ inú rẹ̀.

"Màmá."

Fóònù náà dúró lójú kan. Láti ọjọ́ tí ògiri ti wó, ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn láti inú ilé yẹn rí.

"Tìmẹ́hìn?"

Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan yẹn ṣe sí Ìyùnadé. Ó di etí tábìlì mú.

"Èmi ni, Màmá. Ìyùn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fóònù yẹn."

Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. "Mi ò tíì dé èbúté."

"Ẹ̀dà fẹ́ bàjẹ́ báyìí báyìí. Gbogbo ìlú ni, Màmá. Àwọn ọmọ kéékèèké, gbogbo wọn."

"Ó kù díẹ̀. Jẹ́ kó rí ibi tí ọkọ̀ yóò ti gbé wa. Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ògiri wó, ẹ tún fẹ́ fi í sílẹ̀ báyìí. Ṣé kò ní ẹni ni?"

"Ó ní ẹni. Èmi náà ni ẹni rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ dúró."

Màmá kò dúró. Àpótí ti fẹ́ kún dé ẹnu. Ìyùnadé wo oòrùn lójú fèrèsé. Bí fọ́tò yìí bá bàjẹ́, kò sí oòrùn tó máa gbé òmíràn dé òpin. Ó rántí bí Akíntìmẹ́hìn ṣe máa ń sùn, tí yóò ju ẹsẹ̀ kan sórí àpótí aṣọ. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé àbúrò òun ti kú. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ náà gan-an. Kò tíì fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kan.

"Mo fẹ́ jẹ́rìí," ló sọ fún ẹ̀rọ.

"Ìwọ ta ni?"

"Ìyùnadé. Ìyá kan náà ló bí wa."

"Ohun tí o bá sọ, ẹni tó wà nínú ilé náà yóò gbọ́ ọ. Sọ ọ́."

Ìyá rẹ̀ ti gbọ́. Ó kígbe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, "Ìyùn," bí ó ṣe máa ń pè é nígbà èwe bó bá fẹ́ fọwọ́ kan iná.

"Akíntìmẹ́hìn ti kú," ni Ìyùnadé wí.

Fídíò náà já. Àpótí dúró, ó ku bíńtín kó kún. Ẹ̀rọ fi èdìdì di ilé náà, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tó sọ pé, "Ẹ̀dà pé." Ìyùnadé gbọ́ àtẹ́wọ́ láti Òkè-Ìsinmi, ó gbọ́ bí Ọ̀gá Àjàdí ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní gbogbo ìlú ti di ọmọ Ìyùnadé. Ó pa sípíkà. Ó sunkún àbúrò rẹ̀ níbẹ̀, ẹkún tó ti ń dì mọ́ra láti ọjọ́ yìí, títí ojú rẹ̀ fi wú.

Màmá kò sí nílé nígbà tó délé. Àwọn aládùúgbò ní ó ti lọ sùn sí èbúté.

Láàárọ̀, ọkọ̀ dé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ẹnubodè kékeré kan sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn rẹ̀, ẹ̀dà ìlú sì ti wà nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá dé iwájú rẹ̀, tó sì dárúkọ ara rẹ̀ àti ẹni rẹ̀ tó ń bá lọ, iná á di àwọ̀ ewé, yóò gòkè. Bàbá Olúkòtún gòkè pẹ̀lú ìkòkò lábẹ́ abíyá. Àwọn ọmọdé gòkè. Ìyá Ìyùnadé dé iwájú ẹ̀rọ pẹ̀lú àpò rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ dárúkọ ọmọ tí ẹ ń bá lọ," ni ẹ̀rọ wí.

"Akíntìmẹ́hìn."

"Akíntìmẹ́hìn ti kú. Ìyùnadé ló jẹ́rìí. Ẹ dárúkọ ọmọ mìíràn."

Màmá kò dárúkọ ẹnì kankan. Iná di pupa. Ó gbé àpò rẹ̀, ó yà kúrò lórí ìlà, ó sì lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ omi. Ìyùnadé fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré tọ̀ ọ́ lọ, ó kúnlẹ̀ sórí pákó.

"Màmá, ẹ lù mí bó bá wù yín. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Ẹ ṣáà dárúkọ mi fún ẹ̀rọ yẹn, kí wọ́n lè gbé yín. Omi ń bọ̀."

Ìyá rẹ̀ kò wo ojú rẹ̀. Kò bú u, kò sì sunkún. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó dàbí ohùn ẹni tó fẹ́ ra nǹkan lásán.

"Kó o tó tilẹ̀kùn mọ́ ọn, ṣé ó ti rí èbúté?"

Ìyùnadé lè purọ́. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó purọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ló rin ọ̀nà yẹn, ó mọ ibi tí fóònù ti kú mọ́ òun lọ́wọ́, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ òun yóò tún fi irọ́ kún un ni.

"Rárá, Màmá. Kò rí i. Ibi tí ẹ ti yà sọ́tùn-ún ló mọ."

Màmá mirí. Ó tú àpò Akíntìmẹ́hìn, ó kó bàtà rẹ̀ jáde, ó tò wọ́n sórí pákó, ó kọjú wọn sí ọ̀nà ilé.

"Máa lọ," ló sọ fún Ìyùnadé. "Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró síbí kó fi ọ̀nà tó kù hàn án."